Kí Lẹ Kì Í Jẹ?

Ẹ jókòó ná. Bàtà tí ẹ wọ̀ kò ní sá kúrò lẹ́sẹ̀ yín, ilé oúnjẹ tí ẹ ń lọ kò sì ní ṣí kúrò níbi tó wà. Dàmọ́lá, mo gbọ́ ẹ̀rín rẹ. Ò ń sọ fún àwọn àbúrò rẹ pé Màmá Àgbà tún ti bẹ̀rẹ̀, pé mo gba fóònù lọ́wọ́ rẹ, mo ń bi àwọn olóúnjẹ léèrè ohun tí wọ́n lọ̀ mọ́ ata bí ẹni pé ọlọ́pàá ni mí. Rẹ́rìn-ín rẹ tán, kí o wá jókòó. Ìrètí ọmọ rẹ tó dúró ti ilẹ̀kùn yẹn, ohun tí ara Ìbídùn ìyá rẹ kọ̀ ni ara tirẹ̀ náà kọ̀. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, yóò sá. Èmi ni ejò bù jẹ. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀, lẹ́yìn náà ẹ máa lọ.

Ẹ̀yin rò pé ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ mọ oúnjẹ jẹ ní Festac. Nígbà tí èmi àti bàbá yín àgbà kó dé ibí, ìlú yìí ṣì ń rùn fún ọ̀dà. Àwọn àlejò tí wọ́n torí wọn kọ́ ọ fún àjọ̀dún ńlá náà ti padà sí ìlú wọn, ìjọba sì ti ń pín ilé fún àwọn òṣìṣẹ́. Orúkọ bàbá yín jáde. Ilé tuntun, omi ẹ̀rọ nínú ilé, iná lójú títì. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, àwọn ọ̀pọ̀lọ́ inú àbàtà á bẹ̀rẹ̀ orin wọn, ìwọ á rò pé ìjọ kan wà níbẹ̀ tí kò ní ṣe àmín láéláé. Ṣùgbọ́n ilé wọ̀nyẹn jọra bí ẹyin adìẹ. Ọ̀dà kan náà, fèrèsé kan náà, ilẹ̀kùn kan náà. Lọ́jọ́ kan bàbá yín ti ibi iṣẹ́ dé, ó ṣílẹ̀kùn, ó bọ́ bàtà, ó jókòó sídìí tábìlì, ó ní, "Ìyá Ìbídùn, ebi ń pa mí o."

Obìnrin kan tí kò rí rí gbé àwo jáde láti inú kíṣìnì. Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ìyá Ìbídùn kò sí níbí, ṣùgbọ́n mọ́ínmọ́ín wà."

Ẹ̀gbẹ́ òdìkejì títì ló wọ̀! Ẹ sì wá gbọ́, ó jẹ mọ́ínmọ́ín náà tán kó tó wá ilé rẹ̀ wá. Nígbà tó dé, dípò kí ojú tì í, ó ní kí n lọ kọ́ bí obìnrin yẹn ṣe ń lọ ẹ̀wà. Báyìí la ṣe mọ Sístà Rúùtù. Ẹ fi orúkọ yẹn sọ́kàn.

Ohun tí ẹ̀yin ń pè ní jíjáde lọ jẹun, àwa náà ṣe é, àfi pé kò sí tábìlì onígíláàsì, kò sí orin tó ń dún lórí ẹni. Kò tilẹ̀ tíì sí ọjà nínú ẹ̀sítéètì. Bí o bá fẹ́ ohun tó dùn, wàá jáde lọ bá a ni. Ní Sátidé, bí mo bá ti sáṣọ tán, èmi àti bàbá yín á múra bí ẹni ń lọ síbi ìgbéyàwó, a ó fa Ìbídùn lọ́wọ́, bí ẹsẹ̀ bá sì ro ó, mo pọ̀n ọ́n. Ọmọ náà kò tíì pé ọdún mẹ́rin. Ní Mazamaza, àwọn obìnrin kan wà tó ń ta ẹ̀wà àgànyìn fún àwọn dírẹ́bà. Ata wọn dúdú bí èédú, epo dúró lé e lórí. Wàá fi búrẹ́dì nù ún, omi á máa dà lójú rẹ, o kò sì ní fẹ́ kó tán. Ní Mile 2, láàárín ariwo àwọn kọ́ńdọ́ àti fèrè ọkọ̀, wọ́n ń dín ẹja nínú agbada tó fẹ̀ tó ibi tí ọmọdé lè wẹ̀ sí. Mo lè dijú kí n mọ ẹja tó ti jinná, ìró epo nìkan ni mo fi ń mọ̀ ọ́n. Bí epo bá ṣì ń pariwo, ẹja kò tíì jinná. Bó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, tètè na abọ́ rẹ. Bàbá yín máa ń ní, "Ìyàwó mi, òkè ọ̀run lo ti yan ọ̀fun." Mi ò bá a jiyàn. Ọ̀dọ́ ni wá, iṣẹ́ wà, ata sì wà.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ni mo fi ń jẹ ìgbádùn yẹn.

Kí a tó kó wá síbí, nígbà tí a ṣì wà nínú yàrá kan ní Mushin, Ìbídùn tọ́ edé wò nínú ọbẹ̀. Ó kọ́kọ́ ń họ etí. Etí òsì. Lẹ́yìn rẹ̀ ètè rẹ̀ wú, lẹ́yìn rẹ̀ ìpéǹpéjú, lẹ́yìn rẹ̀ mímí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dún bí fèrè tí ọmọdé ń fọn. Dókítà tó tọ́jú rẹ̀ sọ fún mi pé, "Ìyá, ara ọmọ yìí kò gba edé. Edé, akàn, ohun gbogbo tó ní èèpo tó ń gbé inú omi, ẹ má jẹ́ kó kàn án lẹ́nu. Èyí tó ń bọ̀ lè le ju èyí lọ." Ìwé mẹ́wàá ni mo kà, mi ò ka ti dókítà, ṣùgbọ́n mo mọ bí a ṣe ń há ọ̀rọ̀ sórí. Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Mo há a sórí bí Orin Dáfídì.

Kò sí ẹni tó gbà mí gbọ́. Ìyá ọkọ mi ní, "Edé? Edé tí gbogbo Èkó ń jẹ? Ẹ máa fi tọ́ ọ lẹ́nu díẹ̀díẹ̀, ara rẹ̀ á mọ̀ ọ́n." Obìnrin ẹlẹ́ja kan ní Mile 2, nígbà tí mo ṣàlàyé fún un, ó wò mí látòkè délẹ̀, ó ní, "Àǹtí, ṣé ọmọ yín ti di òyìnbó ni?" Lójú mi ló ti fi ṣíbí ọbẹ̀ edé bu ata sórí ẹja ọmọ mi. Mo gbé ọmọ, mo fi ẹja sílẹ̀. Bó ṣe rí nìyẹn ní gbogbo ibi tí a ń lọ. Adùn wà lẹ́nu mi, ojú mi wà lára etí òsì ọmọ.

Ibi tí ọkàn mi ti kọ́kọ́ balẹ̀ ni ọ̀dọ̀ Ìyá Àgbádárìgì, ní Agboju, lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì àtijọ́ tó lọ sí Òjó. Obìnrin Ègùn ni, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ̀rín rẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Páànù ló fi bo orí ilé, igi ló fi ṣe bẹ́ńṣì, ẹja ọ̀bọ̀kún rẹ̀ sì ń mú kí àwọn ènìyàn yà kúrò lọ́nà ilé ìyàwó. Àwọn dírẹ́bà, káfíńtà, bíríkìlà, gbogbo ìlú ló pàdé lórí bẹ́ńṣì yẹn: ará Ìbàdàn, ará Ìlọrin, Ìjẹ̀bú, Èkìtì, Ègùn. Ẹni tó bá wọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́, kì í bi í pé kí ni yóò jẹ. Á wò ó lójú, á ní, "Kí lẹ kì í jẹ?"

Ẹ̀yin ò lè mọ bí ìbéèrè yẹn ti tóbi tó. Ayé ìgbà yẹn, olúkúlùkù ló ní ohun tí kì í jẹ. Ìdílé kan kì í jẹ ẹmọ́, òmíràn kì í jẹ ìgbín, òmíràn kì í jẹ ẹja àrọ̀. Bí o bá fún ẹni tí kì í jẹ nǹkan ní nǹkan náà, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti oúnjẹ. Dírẹ́bà tó jẹ èèwọ̀ rẹ̀ láàárọ̀, ta ni yóò wọ ọkọ̀ rẹ̀ lọ́sàn-án? Nítorí náà, Ìyá Àgbádárìgì ní ìkòkò kan tó dá dúró, ó ní ọlọ tó dá dúró, ó sì ní ṣíbí kan tó so òwú pupa mọ́ lọ́rùn, èyí tí kì í wọ inú ọbẹ̀ gbogbogbò láé.

Lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ débẹ̀, dírẹ́bà típà kan jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ará Ìbàdàn, Bọ̀dá Láì ni wọ́n ń pè é. Ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Òun kì í jẹ ilá. Ó ní kàkà kí òun jẹ ilá, òun á jẹ taya. Ìyá Àgbádárìgì dúró lórí wa.

"Kí lẹ kì í jẹ?"

Bàbá yín rẹ́rìn-ín músẹ́. "Àwa ń jẹ gbogbo nǹkan, Màmá. Onígbàgbọ́ ni wá."

Bọ̀dá Láì fò dìde. "Gbogbo nǹkan kẹ̀? Ẹ sún mi sẹ́yìn o, kí bọ̀dá yìí má jẹ mí mọ́ ọn!"

Bẹ́ńṣì bú sẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Mo ti la ẹnu láti sọ ọ̀rọ̀ dókítà, mo wá rántí obìnrin Mile 2 àti ṣíbí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ mìíràn ló jáde.

"Ọmọ yìí kì í jẹ edé. Kì í jẹ akàn. Èèwọ̀ ni."

Ẹ̀rín dá. Bọ̀dá Láì jókòó. Ìyá Àgbádárìgì wo ọmọ náà, ó wò mí.

"Ti bàbá ni, àbí ti ìyá?"

"Ti orí rẹ̀ ni."

Ó mi orí. Ó lọ gbé ìkòkò kékeré, ó fọ̀ ọ́ lójú mi, ó tún un fọ̀, ó lọ ata tuntun lórí ọlọ kejì, ó sì mú ṣíbí olówùú pupa. Kò bi mí léèrè ohunkóhun mọ́. Lọ́jọ́ yẹn, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti Mushin, mo jẹ ẹja débi egungun láìwo etí ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí a ń padà bọ̀ wá sílé, bàbá yín dúró lójú afárá. Ó wá ní, "Ti orí rẹ̀? Ìgbà wo la di abọrí?"

"Bàbá Ìbídùn, ṣé ó fọ ìkòkò àbí kò fọ̀ ọ́?"

"Ó fọ̀ ọ́."

"Ó parí."

Ọ̀rọ̀ yẹn sì rìn. Ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe ń rìn láàárín àwọn olóúnjẹ: ẹni tó ń gbé ẹja wá fún Ìyá Àgbádárìgì ló ń gbé e lọ sí Mazamaza. Kò pẹ́, bí a bá yọ sí ibi ata, wọn á ní, "Ọmọ tí kì í jẹ edé ti dé o! Ẹ ṣọ́ra!" Ẹlẹ́ja Mile 2 tó pe ọmọ mi ní òyìnbó, òun gan-an ló wá ń nu agbada rẹ̀ kí a tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹnìkan lè bi mí pé ṣé irọ́ kọ́ ni mo pa. Bí ara ẹni bá kọ nǹkan débi tó fi lè pani, kí ni èèwọ̀ tún kù tí yóò jẹ́? Mi ò kábàámọ̀ rẹ̀ nígbà náà, mi ò sì kábàámọ̀ rẹ̀ lónìí.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó ń rìn kì í yan ilé tí yóò wọ̀. Ó wọ ilé Sístà Rúùtù.

Sístà Rúùtù ti ń ta oúnjẹ nígbà yẹn. Láti ojú fèrèsé kíṣìnì rẹ̀ ló ti ń tà fún àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, mọ́ínmọ́ín nínú ewé, kì í ṣe inú ọ̀rá bíi tòní. Bí ó bá ṣí ìkòkò, òórùn ewé náà á sọdá títì wá bá mi nílé. Nínú ìjọ wa, òun ni olórí àwọn ìyá tó ń gba àdúrà. Ẹ má rò pé ènìyàn burúkú ni. Òun ló ń dirun fún Ìbídùn ní gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ó fẹ́ràn ọmọ náà bí ẹni pé òun ló bí i. Ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà le nìyẹn. Ó wá bá mi ní ọ̀sán kan.

"Màmá Ìbídùn, wọ́n ní ẹ ní èèwọ̀ nílé."

"Sístà, dókítà ló sọ ọ́. Ara rẹ̀ ni kò gba edé."

"Dókítà lẹ sọ fún èmi. Kí lẹ sọ fún ìyá yẹn ní Agboju?"

Mo mú aṣọ tó wà lórí àga, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ká a.

"Ẹ rí i? Ẹ̀ ń fi dókítà bo nǹkan mọ́lẹ̀. Ohun tí àwọn bàbá ńlá yín dì mọ́ ọmọ yìí lọ́rùn ni, ẹ̀ ń bá wọn pa á mọ́. A ó gbàdúrà sí i."

"Ẹ gbàdúrà, Sístà. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má fún un ní edé."

Ó dìde, ó tún gèlè rẹ̀ dì. "Olúwa á ṣe tirẹ̀," ó wí.

Mi ò fẹ́ràn ìdáhùn yẹn. Láti ọjọ́ náà, Ìbídùn kò jẹ nǹkan kan nílé Sístà Rúùtù, ìbáà ṣe omi. Bí wọ́n bá ń dirun, mo wà níbẹ̀. Bí a bá lọ sílé ọlọ́jọ́ ìbí, oúnjẹ tirẹ̀ wà nínú abọ́ tánńganran aláwọ̀ búlúù kan, mo fi aṣọ dì í, mo gbé e dání. Àwọn ènìyàn ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: "Màmá Abọ́ ń bọ̀." Wọn ìbáà máa wí. Ẹni tó lorí ló ń ṣọ́ ọ.

Ọjọ́ ìkórè ló dé bá wa. Bàbá yín wà ní Kàdúná. Iṣẹ́ ìjọba ló gbé e lọ. Ìkórè ìgbà yẹn, ẹ ò lè mọ̀ ọ́n! Iṣu, ọ̀gẹ̀dẹ̀, àgbọn, adìẹ tí wọ́n so lẹ́sẹ̀, gbogbo rẹ̀ ni a fi ijó gbé lọ síwájú pẹpẹ. Àkùkọ kan já okùn lọ́dún náà, ó fò lé orí àga ìwàásù, ó kọ, gbogbo ìjọ sì dáhùn pé "Àmín!" Mo rẹ́rìn-ín débi tí omi bọ́ lójú mi. Mi ò mọ̀ pé omijé ọjọ́ náà kò tíì tán.

Lẹ́yìn ìsìn, àwọn ìyá pé jọ sílé Sístà Rúùtù láti bọ́ àwọn àlejò. Abọ́ búlúù wà nílé mi ní òdìkejì títì. Mo fi í sínú omi gbígbóná kí ìrẹsì má baà tutù. Mo wo orí tábìlì Sístà, kò tíì sí oúnjẹ kankan níbẹ̀. Ìbídùn ń di ìró mi mú.

Sístà na ọwọ́ sí i. "Ẹ fi í sílẹ̀ kí ẹ yára lọ gbé abọ́ yín wá. Ṣé màá gbé e mì ni?"

Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín, ojú tì mí. Mo lọ. Mo sáré lọ, mo sáré bọ̀, ìró mi fẹ́rẹ̀ẹ́ já. Orin ìyìn ni mo kọ́kọ́ gbọ́ kí n tó wọlé. Ìbídùn jókòó lórí itan Sístà Rúùtù. Ewé mọ́ínmọ́ín ṣí sílẹ̀ níwájú rẹ̀, ìlàjì ti tán. Ọmọ mi ń họ etí òsì.

"Kí lẹ fún un?"

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Màmá Ìbídùn." Ojú Sístà ń dán. "Mo ti gbààwẹ̀ lórí edé tí mo lọ̀ sínú rẹ̀. Òní ni ìdè náà já."

Abọ́ búlúù bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo ki ìka bọ ẹnu ọmọ, mo fa ohun tó kù níbẹ̀ jáde. Ètè rẹ̀ ti ń wú. Ìpéǹpéjú rẹ̀ ti ń wú. Àwọn obìnrin rí i, wọ́n sì gbé orin sókè, nítorí pé Sístà ti dìde dúró pẹ̀lú ọmọ láyà rẹ̀, ó ń ké pé, "Ẹ wo bí ojú rẹ̀ ṣe ń yí! Ó ń jáde! Ẹ má dá a dúró, ó ń jáde lára rẹ̀!"

"Ẹ fún mi lọ́mọ mi."

"Ẹ ní ìgbàgbọ́! Kò ní pẹ́!"

"Sístà Rúùtù, ẹ fún mi lọ́mọ mi!"

Ó di ọmọ náà mọ́ àyà pinpin. Kò ṣe é láti ibi ìkà. Ó dì í mú bí ẹni tó ń fa ènìyàn jáde nínú kànga. Mo sì gé e jẹ lọ́wọ́. Èmi, pẹ̀lú gèlè ìkórè lórí, mo gé olórí àwọn ìyá ìjọ jẹ lójú gbogbo ènìyàn, ọwọ́ rẹ̀ sì tú.

Mo gbé ọmọ mi, ó di ojú títì. Ọ̀sán Sunday, títì gbẹ, kò sí takisí kan, ẹni tó ní mọ́tò wà níbi ìkórè. Bí mo ṣe ń sá lọ sọ́nà Agboju, etí mi wà lẹ́nu rẹ̀. Mímí rẹ̀ ń dún bí fèrè. Ẹ rántí ohun tí mo sọ nípa epo inú agbada? Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni. Níwọ̀n ìgbà tó bá ń pariwo, mo ṣì ní ọmọ. Ohun tí mo ń bẹ̀rù ni kó bẹ̀rẹ̀ sí í dún jẹ́jẹ́.

Mo já sí iwájú Ìyá Àgbádárìgì. Bọ̀dá Láì wà lórí bẹ́ńṣì, òkèlè ẹ̀bà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wo ojú ọmọ náà lẹ́ẹ̀kan.

"Ta ló fún un ní edé?"

Kò dúró gbọ́ èsì. Kò fọwọ́. Típà rẹ̀ kún fún iyanrìn, kò dúró já a. "Ìyá Ìbídùn, ẹ wọkọ̀!" Ìyá Àgbádárìgì ló ti ìdí mi gòkè, nítorí pé àtẹ̀gùn ọkọ̀ náà ga. A jáde sí títì ńlá, iyanrìn ń fọ́n ká lẹ́yìn wa bí èéfín.

Bọ̀dá Láì kò bá mi sọ̀rọ̀. Ọmọ ló ń bá sọ̀rọ̀, ó ń pariwo ju ẹ́ńjìnnì lọ. "Ìbídùn! Ọmọ tí kì í jẹ edé! Má sùn o. Èmi ńkọ́, kí ni èmi kì í jẹ?"

"Ilá," ni ọmọ náà wí.

"Mi ò gbọ́! Kí ni Bọ̀dá Láì kì í jẹ?"

"I… lá."

A kọjá Mazamaza. Ó tún bi í. Ètè rẹ̀ mì, ohùn kò jáde. Ó tún bi í. Ètè náà kò mì mọ́. Mo gbé etí lé e lẹ́nu: fèrè náà ti ń dún jẹ́jẹ́.

Ní Mile 2, àwọn tírélà ti dí ọ̀nà, imú ọ̀kan wà ní ìdí èkejì. Bọ̀dá Láì tẹ fèrè, kò sẹ́ni tó wo wa. Ó wá yọ ara dé ìbàdí láti ojú fèrèsé, ó fi ọwọ́ tí ẹ̀bà ti gbẹ mọ́ lára lu ilẹ̀kùn ọkọ̀, ó sì ké: "Ọmọ ti jẹ èèwọ̀! Ẹ yà o! Ọmọ ti jẹ èèwọ̀!"

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo rí i fúnra mi. Àwọn kọ́ńdọ́ tó ń bú ara wọn dákẹ́. Àwọn tó ń ta omi gbé igbá kúrò lọ́nà. Kọ́ńdọ́ kan fò mọ́ ẹnu ọ̀nà tírélà, ó ń gbá a, "Sún sẹ́yìn! Ṣé o di adití ni? Ọmọ ti jẹ èèwọ̀!" Obìnrin ẹlẹ́ja agbada yẹn wà nínú wọn, ó ń fi ṣíbí ẹja da ọkọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń sunkún. Ọ̀nà là. Ká ní Bọ̀dá Láì ké pé ara ọmọ yìí kò gba edé ni, wọn ìbá kọ́kọ́ béèrè pé irú edé wo.

Nílé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu ọ̀nà wo ojú ọmọ náà, kò béèrè káàdì, ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó sáré. Wọ́n gún un lábẹ́rẹ́. Wọ́n ní kí n dúró níta. Mo fi iwájú orí ti ògiri, mi ò lè gbàdúrà; gbogbo ọ̀rọ̀ tó wá sí mi lẹ́nu, ohùn Sístà Rúùtù ló wà nínú rẹ̀. Mo kàn ń fetí sílẹ̀. Fún ìgbà pípẹ́ mi ò gbọ́ nǹkan kan. Lẹ́yìn náà, láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yẹn, fèrè náà tún bẹ̀rẹ̀: ó kọ́kọ́ tínrín, ó wá le, ó wá di ẹkún. Orin kankan kò tíì dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi.

Bọ̀dá Láì wà níta, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn ọkọ̀ rẹ̀. Mo ní, "Ó ti ń sunkún." Ó fi apá nu ojú. Ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ètùtù wo ni wọ́n ní kí ẹ ṣe?"

"Abẹ́rẹ́ ni, Bọ̀dá Láì. Wọ́n ti gún un."

Ó rò ó wò. "Ó dáa," ó ní. "Ètùtù náà nìyẹn."

Sístà Rúùtù wá sílé wa ní ọjọ́ kejì, aṣọ funfun wà ní ọwọ́ tí mo gé jẹ. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé. Ó ní, "Mo rò pé mo ń tú u sílẹ̀ ni." Mo ti ilẹ̀kùn. Ìkórè kejì kù díẹ̀ kó dé, mi ò tíì kí i. Bàbá yín bẹ̀ mí, pásítọ̀ bẹ̀ mí, wọ́n ní bí a kò bá gbàgbé ọ̀rọ̀ àná, a kò ní rí ẹni bá ṣeré. Mo ní ó dáa, kí wọ́n lọ máa bá a ṣeré. Ẹlòmíràn ló ń dirun fún ọmọ mi.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo ń ti Agboju bọ̀, igbá ata wà lórí mi. Ọkùnrin òṣìṣẹ́ kan dúró níwájú fèrèsé kíṣìnì Sístà Rúùtù. Mo rọra ń kọjá lọ kí ojú wa má baà pàdé. Mo wá gbọ́ ohùn rẹ̀ láti inú kíṣìnì.

"Ẹ káàbọ̀, sà. Kí lẹ kì í jẹ?"

Ẹsẹ̀ mi dúró. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. "Sístà, ṣé ẹ ti di ìyá oníbùkà Agboju ni? Ẹ bu mọ́ínmọ́ín fún mi, mò ń kánjú."

Kò rẹ́rìn-ín. "Ẹ sọ ọ́ fún mi kí n tó ṣí ìkòkò."

Mo sọ igbá kalẹ̀, mo sì lọ sẹ́nu fèrèsé yẹn. Mo ní, "Sístà, ẹ kú iṣẹ́ o." Ó wò mí, ó nawọ́ sí ìkòkò kan lẹ́yìn rẹ̀, ó ní, "Màmá Ìbídùn, ìkòkò kejì nìyẹn. Kò sí edé tó wọ inú rẹ̀ rí." Nígbà tí Ìbídùn ń ṣe ìgbéyàwó, Sístà Rúùtù ti di arúgbó, ọ̀pá ló fi ń rìn. Ó gbé àga sídìí ìkòkò ọbẹ̀, ó jókòó tì í láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, kò jẹ́ kí ṣíbí kankan tí kò mọ̀ kọjá òun.

Gbogbo wọn ti lọ báyìí. Ibi tí páànù Ìyá Àgbádárìgì wà, fóònù ni wọ́n ń tà níbẹ̀. Oúnjẹ pọ̀ ní Festac lónìí ju bí a ti lè lálàá rẹ̀ lọ. Títì tí a kò ti rí àkàrà rà, iná ilé oúnjẹ ló ń tàn níbẹ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Wọn á kí yín pẹ̀lú ẹ̀rín, wọn á fún yín ní ìwé tí wọ́n ya ẹja sí, wọn á ní kí lẹ fẹ́. Kò sẹ́ni tó ń bi yín ní ìbéèrè kejì. Ẹ̀yin lẹ gbọ́dọ̀ máa gbé e dání lọ.

Ìrètí, wá síbí. Jẹ́ kí n so okùn bàtà rẹ. Bí ẹni tó gbé ìwé oúnjẹ wá bá bi ọ́ pé kí lo fẹ́, kí lo máa kọ́kọ́ sọ? Sọ ọ́ sókè kí bàbá rẹ gbọ́. Ẹ̀n-ẹ́n. Edé ńkọ́? Akàn ńkọ́? Ó dáa. Bó bá ń rẹ́rìn-ín, tó ní kí ló dé? Èèwọ̀ ni. Dúró, kò tíì tán. Bó bá wá ní, "Ti bàbá ni, àbí ti ìyá?"

Dàmọ́lá, ṣé o gbọ́ bó ṣe sọ ọ́? "Ti orí mi ni." Kò tilẹ̀ wo ojú mi kó tó sọ ọ́.

Ó yá, ẹ máa lọ. Ẹ di ọwọ́ rẹ̀ mú bí ẹ bá ń sọdá. Èmi kẹ̀? Èmi ò ní èèwọ̀ kankan. Ẹ bá mi ra ẹja bọ̀, kí wọ́n má ṣahun ata.